Owó Ọjọ́ Ìṣòro: Èsì Sí Lẹ́tà Yín Lórí Àjọ, Báńkì àti Ẹ̀yáwó

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ owó lóṣù yìí pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Mo ṣa márùn-ún nínú wọn, mo sì rí i pé yálà Èkó ni òǹkọ̀wé ń gbé tàbí Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn tàbí bí onílé bá fi kún owó ilé, níbo ni owó tí n óò ná yóò ti wá, ta ni yóò sì gbé e lé mi lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà báńkì kí n tó di akọ̀wé. Ohun tí mo rí láti ẹ̀yìn káńtà náà, àti èyí tí mo ti rí láti iwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí mo kúrò, ni n óò fi dáhùn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ata àti tòmátì ni mò ń tà ní Mile 12. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mò ń dá lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ kan tó ń yí ọjà ká, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́fà báyìí tí kò tíì já mi kulẹ̀. Ọmọ mi tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì sọ pé mò ń fowó ṣòfò, nítorí pé alájọ kì í san èlé, ó sì tún ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún ara rẹ̀. Ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báńkì. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Aláta, Kétu.*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Àwìn kò ní í ba ọjà yín jẹ́. Ọmọ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò tíì parí. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí káàdì àjọ yín wò. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lójú rẹ̀. Bí alájọ bá ti gba ₦2,000 yín, yóò fi báírò sàmì sí ọ̀kan, ẹ óò sì ká káàdì náà padà sínú tòbí. Bí oṣù bá parí, ₦62,000 lẹ ti dá; yóò yọ ₦2,000 ti ọjọ́ kan, ẹ óò sì kó ₦60,000. Ká ní báńkì lẹ ń gbé owó kan náà lọ lójoojúmọ́, èlé tí ẹ lè rí láàárín oṣù kan kò ní í ju nǹkan bí igba náírà lọ. Bí mo ṣe ṣe ìṣirò náà nìyí: láti oṣù kẹjọ 2022 ni Báńkì Àpapọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí CBN, ti ní kí èlé orí àkáǹtì ìfowópamọ́ má ṣe dín sí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ti òdiwọ̀n èlé tí òun fúnra rẹ̀ ń kéde. Nígbà tí òdiwọ̀n yẹn dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá 2024, ohun tó kan ẹni tó fowó pamọ́ jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún fún odidi ọdún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àjọ àti báńkì fún yín kò wá ju nǹkan bí ₦2,200 lóṣù lọ.

Ohun tí ọmọ yín kò béèrè ni pé kí ni ₦2,200 yẹn rà. Ó ra ẹsẹ̀ alájọ, tó ń tọ̀ yín wá sídìí àtẹ láìjẹ́ pé ẹ fi ọjà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra owó ọkọ̀ tí ẹ kò san àti wákàtí tí ẹ kò fi tò lórí ìlà. Ó sì tún ra ìkóra-ẹni-níjàánu, nítorí owó tó ti wọ ọwọ́ alájọ kò sí lọ́wọ́ yín mọ́ nígbà tí aláṣọ bá gbé àǹkárá tuntun kọjá. Àwọn àgbà Èkó máa ń sọ pé orí èèyàn pé bí orí alájọ Ṣómólú, ẹni tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ apá kejì gbólóhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà, torí pé kẹ̀kẹ́ a máa wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò kò lè wọ̀. Mọ́tò ni àwọn báńkì ń gùn láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilẹ̀ yìí. Àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ tiwọn, ìyẹn àwọn oní-POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní gbogbo ìkòríta.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ fi gbogbo owó sọ́wọ́ alájọ. Bí olè bá dá a lọ́nà, bí ọlọ́jọ́ bá dé, tàbí bí gbèsè bá ká a mọ́ tó sì sá lọ, kò sí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ lè lọ bá. Lójú tèmi, igbá ni àjọ, àmù sì ni báńkì: igbá ni a fi ń bu omi, ṣùgbọ́n a kì í tọ́jú omi sínú igbá di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ tí ẹ bá kó ₦60,000 yẹn, ẹ mú owó ọjà kúrò, kí èyí tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ìṣòro wọ àkáǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, kó má sùn sílé. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tó owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé oṣù mẹ́ta.

Bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ má kó sí i mọ́, nítorí àkáǹtì ìfowópamọ́ kì í ṣe ibi tí owó ti ń bí sí i lásìkò ọ̀wọ́ngógó. Ní oṣù kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé iye owó ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ká tilẹ̀ ní báńkì san 8.25 yẹn fún odidi ọdún, ẹni tó fi ₦100,000 pamọ́ yóò bá ₦108,250 níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà tó lè fi ₦100,000 rà tẹ́lẹ̀ ti di ₦134,800. Bó bá jẹ́ ìrẹsì tàbí òróró lẹ ń tà, mo lè ní kí ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù kún ọjà, ṣùgbọ́n ata kì í ṣe ọjà tí a ń tọ́jú. Fún irú yín ni mo ṣe fẹ́ràn ìwé gbèsè kékeré tí ìjọba àpapọ̀ ti ń tà fún aráàlú láti oṣù kẹta 2017, èyí tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond. ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀; ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni owó náà yóò fi wà níbẹ̀, wọ́n yóò sì máa san èlé rẹ̀ sínú àkáǹtì yín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tó ń bá èèyàn ra ìpín ìdókòwò ni wọ́n ti ń rà á. Báńkì yín lè júwe wọn fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó gbẹ tán nílé. Gbogbo wa la rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ náírà, tí wọ́n fi gbèdéke owó àtijọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù kìíní, tí wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, tí owó tuntun kò sì sí nílùú. Èmi tí mo ti ka owó fún ẹlòmíì fún ọdún mọ́kànlá, mo dúró sábẹ́ agboòrùn oní-POS kan, mo ra ₦5,000 ní ₦6,000, mo tún kí i pé ó ṣeun. Ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì jẹ́ níná títí di òpin ọdún náà ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìlú. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, ní ṣẹ́ńjì kéékèèké, tó fún ilé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, olè lẹ ń pè.

*Olóòtú ọ̀wọ́n, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni mí. Mo ní owó nínú báńkì kan tí wọ́n tì pa lọ́dún 1998, díẹ̀ ni mo sì rí gbà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ lọ́dún 2024 pé CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, n kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ṣé kò ní í dára kí n kó owó mi wálé kí n máa wò ó? — Bàbá Àgbà, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.*

Bàbá wa, ẹ kú àforítì. Báńkì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù kìíní ọdún 1998, ẹni tó bá sì kàn kò lè gbàgbé. Ẹ̀rù náà tilẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ ju tiwa lọ: Industrial and Commercial Bank tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1929 kò pẹ́ kó tó wó.

Àjọ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó tí a kó sí báńkì, ti wà lọ́dún 1998. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àjọ ni èdè wa pe tòun náà.) Ṣùgbọ́n ₦50,000 ni òpin ohun tó ń san fún ẹnì kan nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún 2024, wọ́n gbé e kúrò ní ₦500,000 tó ti wà tẹ́lẹ̀ fún àwọn báńkì ńláńlá, ó di mílíọ̀nù márùn-ún náírà; ti àwọn báńkì kéékèèké tí à ń pè ní máíkírófáínánsì sì di mílíọ̀nù méjì. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an, lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà, ni Heritage Bank wó. Àwọn tí owó wọn kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ wà lábẹ́ ààbò yẹn. NDIC fi nọ́ńbà BVN wọn wá àkáǹtì tí wọ́n ní ní báńkì mìíràn, ó sì sanwó sí i. Àwọn tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró kí wọ́n ta dúkìá báńkì náà, ìpín àkọ́kọ́ tí wọ́n sì kéde fún wọn ní 2025 kò tó kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan.

Nítorí náà, bàbá, ẹ má kó owó wálé. Ẹ ní àkáǹtì ní báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí BVN kan náà so wọ́n pọ̀, kí orúkọ yín sì bára mu lórí méjèèjì dé orí lẹ́tà kan, nítorí mo ti rí ẹni tí owó rẹ̀ há fún oṣù mélòó kan nítorí pé ìwé kan kọ “Táíwò” tí èkejì kọ “Táyé”. Àkáǹtì méjì nínú báńkì kan ṣoṣo kò ràn yín lọ́wọ́, torí NDIC máa ń pa wọ́n pọ̀ kó tó ka mílíọ̀nù márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá sọ pé òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ rántí CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wó ní oṣù kẹrin 2025, tí àwọn èèyàn ya bo ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àga jáde. Àga yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn rí gbà. NDIC kò dúró fún irú owó bẹ́ẹ̀.

*Mo fi káàdì sanwó nílé epo, ẹ̀rọ POS ní owó kò wọlé, mo sì tún san owó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ báńkì mi ti yọ ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. — Awakọ̀ kan, Abẹ́òkúta.*

Ó ti pẹ́ jù. Láti oṣù kẹfà 2020 ni CBN ti ní kí irú owó POS bẹ́ẹ̀ padà láàárín wákàtí 72. Ti ATM báńkì mìíràn jẹ́ wákàtí 48. Ti ATM báńkì ẹni gbọ́dọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, bí kò bá sì ṣeé ṣe, láàárín wákàtí 24. Báńkì yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ilé epo, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, nọ́ńbà yẹn ni ẹ óò fi kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Pípariwo ní káńtà kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀, torí èmi ni wọ́n ń pariwo mọ́.

*Ẹ̀gbọ́n olóòtú, olùkọ́ ilé ìwé aládàáni ni mí ní Ìkòròdú. Nígbà tí ìyá mi wọ ilé ìwòsàn, mo yá ₦30,000 lórí fóònù. Ọjọ́ keje ni wọ́n ní kí n san ₦39,000. N kò rí i san, wọ́n sì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, sí pásítọ̀ wa àti sí ẹni tó ń dirun fún mi pé olè ni mí. Ẹnì kan tún sọ pé wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ṣé òótọ́ ni? — Tíṣà.*

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí ara ìyá tètè yá. Ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn kù sọ́wọ́ ẹni tó yá ọ lówó. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN ti ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI: bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè báńkì tàbí iléeṣẹ́ ẹ̀yáwó tó ní ìwé àṣẹ CBN, tó sì kọ̀ tí kò san, wọ́n lè yọ owó náà àti èlé rẹ̀ nínú àkáǹtì yòówù tí BVN rẹ̀ bá so mọ́, àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ fi owó ìtanràn kún un. Ayánilówó orí fóònù tí kò ní ìwé àṣẹ yẹn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ń dójú tì ọ́ nìyẹn: ohun ìjà kan ṣoṣo tó ní ni.

Ohun ìjà náà kò sì bófin mu. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ oníbàárà, tó ti ń forúkọ irú àwọn ayánilówó wọ̀nyí sílẹ̀ láti 2022, tó sì tún mú òfin le sí i ní 2025, kò gbà wọ́n láyè láti máa kọ̀wé sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù oníbàárà. Ya àwòrán gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà kó tó pòórá, wo orúkọ wọn nínú àtòkọ FCCPC, kí o sì fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ṣì ni gbèsè o. San ₦30,000 àti èlé tí o fọwọ́ sí bí agbára rẹ bá ṣe ká a, kí o sì tọ́jú ẹ̀rí ìsanwó.

₦9,000 lórí ₦30,000 láàárín ọjọ́ méje: èlé ọ̀sẹ̀ kan yẹn ju èyí tí àkáǹtì ìfowópamọ́ tí mo ṣírò fún Ìyá Aláta lè san lọ́dún mẹ́ta lọ. Bí gbèsè yìí bá ti kúrò lọ́rùn rẹ, sọ fún báńkì rẹ pé lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí wọ́n máa gbé ₦3,000 fúnra wọn lọ sí àkáǹtì kejì tí kò ní káàdì ATM. Oṣù mẹ́wàá ni yóò fi di ₦30,000. Mo mọ ohun tí ilé ìwé aládàáni ń san, n kò sì ní í dibọ́n pé ₦3,000 kò ní í dun ẹni tó ń gba irú owó yẹn. Bó bá ṣòro, wá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ní agbègbè rẹ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó bá ti dá owó fún oṣù bíi mẹ́fà lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ní níbẹ̀, èlé rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́.

*Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Agége. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kówó sí báńkì kan náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n yá mi lówó ìyẹ̀fun, ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ní kí n mú wá. Ilé àyágbé ni mò ń gbé. Kọ́múlélántà ni ìyàwó mi lọ yá, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la sì ń san án bí ẹni ń sunkún. Kí wá ni ìwúlò báńkì? — Oníbúrẹ́dì.*

Ọ̀gá oníbúrẹ́dì, ẹ ní ẹjọ́ rò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ògiri. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, CBN pàṣẹ pé nínú gbogbo ₦100 tí àwọn oníbàárà bá kó sí báńkì ńlá, ₦50 gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ òun; oṣù kẹsàn-án 2025 ló tó dín in kù sí ₦45. Nínú ìyókù, báńkì lè fi ra ìwé gbèsè ìjọba, tó ń mú èlé tó lé ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún wá lásìkò náà, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan wọ ọkọ̀ dé Agége láti wá wo ààrò. Ìjọba kì í kó kúrò ládùúgbò lóru. Bí wọ́n ṣe ń rò ó nìyẹn. Lójú tèmi, wọ́n ṣìnà. Ẹni tó ti ń kówó wọlé fún ọdún mẹ́wàá, tí a lè fi ìwé àkáǹtì rẹ̀ mọ ọ̀sẹ̀ tí ìyẹ̀fun wọ́n àti ọ̀sẹ̀ tí ọjà tà, ti fún báńkì ní ẹ̀rí tó ju ìwé ilẹ̀ ẹni tí kò ṣòwò rí lọ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbìyànjú. Láti 2016 ni CBN ti ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní National Collateral Registry, òfin sì tì í lẹ́yìn ní 2017, pé ohun tó ṣeé gbé kiri, bí ẹ̀rọ, ọkọ̀ tàbí ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí, lè dúró fún ẹ̀yáwó. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń po ìyẹ̀fun, bó bá jẹ́ tiyín ní tòótọ́, wà lára rẹ̀. Ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ dání, ẹ tẹ ìwé àkáǹtì ọdún kan jáde, kí ẹ sì béèrè fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀yáwó àwọn oníṣòwò kékeré. Ẹ má ṣe bi ẹni tó wà ní káńtà. Èmi náà jókòó síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, títí mo fi kúrò, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà.